Ìwé Tí Í Túmọ̀ Ìwé

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ mi ní iṣẹ́ katikíísì, àríyànjiyàn kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá sílẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí epo inú àtùpà bá ń tán lọ tí olùkọ́ àgbà sì ti lọ sùn. Ìbéèrè náà ni èyí: bí Ọlọ́run bá ti fún wa ní Bíbélì, kí ni a tún ń fi ìwé tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kọ nípa Bíbélì ṣe? Àwọn kan nínú wa a máa wí pé Ẹ̀mí Mímọ́ tó láti kọ́ni, àti pé ẹni tí ó bá fi ìwé àlàyé ti ara nígbà tí ó ń ka Ìwé Mímọ́ dà bí ọmọ tí ó ránṣẹ́ pe alágbàsọ kí ó tó lè bá baba tí ó bí i sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a sì dáhùn pé ọlọ́gbọ́n ni àlejò tí ó bi onílé léèrè ọ̀nà kí ó tó wọ igbó. Láàárín àwọn ti ẹ̀yìn yìí ni èmi wà, kì í sì í ṣe nítorí pé mo ti rò ó jinlẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé, mo sì fẹ́ kí a máa rí i lọ́wọ́ mi.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti kúrò níbẹ̀, mo sì ti rí i pé ẹgbẹ́ méjèèjì kò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. A rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ìwà ni, àti pé ẹni tí ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ lè jalè nínú rẹ̀ bí a ti í jalè nínú àpótí owó ìjọ, kí ọjọ́ sì gorí ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àní òun tìkára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí ó wí pé òun kò fẹ́ àlàyé ẹnikẹ́ni. Bíbélì wo ni ó ń kà? Bí ó bá jẹ́ ti Yorùbá ni, a jẹ́ pé àlàyé ti ṣíwájú rẹ̀ kí ó tó ṣí ojú ewé kìíní. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kò gbọ́ Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther ni ó gbọ́ ọ, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tí a sì fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850, ṣùgbọ́n odindi Bíbélì kò tẹ̀ wá lọ́wọ́ títí di 1884. Kò sí ẹsẹ kan nínú gbogbo rẹ̀ tí wọn kò ní láti bi ara wọn léèrè pé, kí ni ìtumọ̀ èyí? Ẹni tí ó bá sì ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, tí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kọ ìwé àlàyé.

Wòlíì, àdúrà, ìwàásù: láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti wà láàárín wa ṣáájú ni a ti gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, gbòǹgbò wọn sì ń bẹ nínú èdè Lárúbáwá. Ètùtù tí a ń kà nínú orí kẹta ìwé Róòmù, ta ni nínú wa ni kò mọ ilé tí a ti mú un wá? Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù ni ìrònúpìwàdà. Ọ̀rọ̀ Gíríkì tí ó dúró sí ipò rẹ̀ ń sọ nípa inú tí ó yí padà. Kò dárúkọ ìwà. Èdè wa ni ó mú ìwà wọ inú rẹ̀: kí ènìyàn ronú, kí ó sì pa ìwà dà. Odindi ìwàásù ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ẹni tí ó bá sì ń kà á ti gbọ́ ìwàásù náà, ìbáà fẹ́ àlàyé, ìbáà má fẹ́.

Kí ẹ má sì rò pé nǹkan kékeré ni. Nínú Bíbélì èdè Látínì tí Ìjọ ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lò fún ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ, ibi tí a ti ń pe ènìyàn sí ìrònúpìwàdà ni a kọ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ fi gbọ́ ọ bí ẹni pé kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ ìyà tí àlùfáà bá kà sílẹ̀ fún wọn. Ní 1516 Erasmus tẹ Májẹ̀mú Titun jáde ní èdè Gíríkì, ó sì ṣe àlàyé sí i. Luther wà lára àwọn tí ó fi iṣẹ́ náà kẹ́kọ̀ọ́, ó sì rí i pé ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ní 1517, nígbà tí ó gbé kókó ọ̀rọ̀ 95 rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà ni ó fi ṣáájú gbogbo wọn: pé Olúwa fẹ́ kí ó gba gbogbo ìgbé-ayé onígbàgbọ́, kí ó má ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Augustine, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, ti bá irú àwọn tí wọn kò fẹ́ olùkọ́ wọ̀nyí pàdé. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 397 nípa bí a ti í ka Ìwé Mímọ́ àti bí a ti í fi kọ́ ẹlòmíràn, kò sì parí rẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 426. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ó rán wọn létí pé lọ́dọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti kọ́ lẹ́tà tí wọ́n fi ń kàwé. Àwa tí a gba Ìwé ABD lọ́wọ́ olùkọ́, tí a sì jẹ pàṣán nítorí rẹ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún mẹ́nu kan ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú orí kẹjọ Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, tí ó ń ka ìwé Aísáyà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò sì yé e. Áńgẹ́lì kò sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe àlàyé fún un. Fílípì, ènìyàn bí òun, ni a rán sí i. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú ìwé Augustine ni pé nígbà tí ó dé ibi òfin kíkà, ó mú ìlànà méje ti Tyconius wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni inú ẹgbẹ́ Donatus, tí Augustine fi ọ̀pọ̀ ọdún bá jà, ni Tyconius wà. Ó sọ ibi tí ó ti gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ ibi tí kò ti gbà. Àwa lónìí, bí ìwé kò bá ti ọwọ́ ìjọ tiwa jáde, àwọn mìíràn nínú wa kì í ṣí èèpo rẹ̀.

Àní John Bunyan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó ń tún ìkòkò àti àwo irin ṣe, tí a sì jù sí ẹ̀wọ̀n ní Bedford nítorí ìwàásù, kò wí pé Bíbélì nìkan ni ó kọ́ òun. Ó jẹ́wọ́ pé àlàyé Luther lórí ìwé sí àwọn ará Gálátíà ni òun fẹ́ràn ju gbogbo ìwé tí òun ti rí lọ, bí a bá yọ Bíbélì sílẹ̀. Nígbà tí ó sì kọ ìtàn èrò mímọ́ náà ní 1678, èyí tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí èdè wa, ó kọ́ ilé kan sí ẹ̀bá ọ̀nà fún Onítumọ̀, èrò náà kò sì gbọdọ̀ kọjá láìwọlé.

Ǹjẹ́ a ha lè wí nígbà náà pé ẹgbẹ́ tèmi ni ó jàre? Ẹ ní sùúrù.

Ní ọdún kejì tí mo di katikíísì, orí 19 ìwé Mátíù bọ́ sí mi lọ́wọ́ fún ìwàásù: ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀, àti ọ̀rọ̀ ìbákasíẹ, èyí tí àwa ń pè ní ràkúnmí, àti ojú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan wà ní ìjókòó iwájú ní ìjọ náà tí ń ra kòkó. Gbogbo ìlú mọ̀ pé oko opó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà ni ó fi oko dógò nígbà àìsàn. Owó tí ó yá kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń kórè kòkó náà, èlé kò sì jẹ́ kí gbèsè tán. Òun kan náà ni ó ti ṣèlérí páànù fún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa tí ń jò.

Ní alẹ́ Sátidé mo ṣí ìwé àlàyé kan, mo sì rí i kà níbẹ̀ pé ẹnu-bodè kékeré kan wà ní Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́ tí à ń pè ní Ojú Abẹ́rẹ́. Pé ràkúnmí kò lè gba ibẹ̀ àfi bí a bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó sì kúnlẹ̀. Inú mi dùn. Mo wàásù rẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́. Mo tilẹ̀ tẹ orúnkún mi díẹ̀ lórí àga ìwàásù láti fi bí ràkúnmí ti ń kúnlẹ̀ hàn, àwọn ọmọdé sì rẹ́rìn-ín. Mo wí pé ọlọ́rọ̀ tí ó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ yóò wọlé. Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní láti ìgbà èwe òun ni ẹsẹ yẹn ti ń dẹ́rù ba òun, ṣùgbọ́n pé òun ti mọ̀ báyìí pé ràkúnmí kúkú lè kúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá arúgbó kan wá sí ẹ̀hìnkùlé mi. Kò mọ̀wé, etí ni ó fi ń gba Bíbélì, bí a bá sì kà á lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi.”

Mo ní, “Ẹ máa wí, Ìyá.”

Ó ní, “Bí ẹran náà bá lè kúnlẹ̀ wọlé, kí ló dé tí ẹnu fi ya àwọn ọmọ-ẹ̀yìn? Wọ́n bi Jésù pé ta ni ó wá lè là nígbà náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n. Ṣé wọn kò mọ ẹnu-bodè wọn ni?”

N kò rí èsì kankan fọ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó sì tún wí pé, “Ìyá mi a máa sọ bí ẹnu-bodè ti rí láyé tiwọn. Ẹlẹ́rù a sọ ẹrù kalẹ̀, a san owó fún oníbodè, a sì tún gbé ẹrù rẹ̀ níhà kejì. Kò sófo lọ.” Lẹ́yìn èyí ó kí mi pé kí n kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èkogún nínú Ẹ̀kọ́ 39 ti Ìjọ wa kọ̀ fún Ìjọ láti túmọ̀ ibì kan nínú Ìwé Mímọ́ kí ó fi lòdì sí ibòmíràn. Ìyá yìí kò mọ̀ pé Ẹ̀kọ́ 39 wà. Òun ni ó pa á mọ́, èmi tí mo ti kọ́ ọ sórí ni mo rú u.

Mo lọ yá ìwé lọ́wọ́ àlùfáà àgbègbè wa. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò pẹ́ sọ. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹnu-bodè kan ń jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù nígbà ayé Olúwa. Ìtàn náà ń bẹ nínú àkójọ àlàyé tí Thomas Aquinas ṣe ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ṣùgbọ́n Clement ará Aleksáńdíríà, tí ó kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 200, kò sọ̀rọ̀ ẹnu-bodè. Cyril, ẹni tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú kan náà lẹ́yìn rẹ̀, ní okùn ńlá ti ọkọ̀ ojú omi ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́ jọ ara wọn ní Gíríkì. Okùn ọkọ̀ kò kúkú lè wọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí náà n kò rí èrè tí ó wà níbẹ̀. Lúùkù kò tilẹ̀ pe abẹ́rẹ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú Mátíù, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kì í pààrọ̀ orúkọ ẹnu-bodè bí ó ti wù ú. Àwọn olùkọ́ Júù tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú Talmud náà mọ irú àfiwé yìí. Erin ni tiwọn gbìyànjú láti gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí sì ní ràkúnmí àti ojú abẹ́rẹ́ nínú Súrà keje Kùránì, n kò sì tíì gbọ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tí mo mọ̀ lára wọn sọ pé ẹnu-bodè ni. Abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́. Ohun tí kò lè ṣeé ṣe ni Olúwa ń sọ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, n kì bá tí kọ ìwé yìí. Àìmọ̀ ń bá gbogbo wa gbé. Ohun tí mo ní láti jẹ́wọ́ ni pé ìwé àlàyé mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì mi ní alẹ́ Sátidé náà. Méjì kò mẹ́nu kan ẹnu-bodè rárá. Mo kà wọ́n, mo sì pa wọ́n dé. Èyí tí ó fún mi ní ẹnu-bodè ni mo gbé gun àga ìwàásù, nítorí páànù. Ìwé náà kò tàn mí. Ó bá mi níbi tí mo ti ń wá ẹni tí yóò tàn mí.

Augustine fi òṣùwọ̀n kan sílẹ̀ nínú ìwé tí mo ti sọ nípa rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá rò pé òun ti mọ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́, tí ìtumọ̀ náà kò sì gbé ìfẹ́ Ọlọ́run àti ìfẹ́ ọmọnìkejì ró, kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó sì fi kún un pé ẹni tí ó ṣìnà nínú ìtumọ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń gbé ìfẹ́ ró dà bí ẹni tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà, tí ó la inú oko kọjá, tí ó sì bọ́ sí ibi tí ọ̀nà ń lọ. Síbẹ̀ kí a tọ́ ọ sọ́nà, kí yíyà má bàa mọ́ ọn lára. Mo fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìwàásù mi. Ìfẹ́ ta ni mo gbé ró? Opó náà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ọjọ́ náà. N kò bojú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó rí i pé mo ti ṣẹ ọlọ́rọ̀ náà pẹ̀lú. Nígbà tí ẹnu ya àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, ìdáhùn Olúwa ni pé ohun tí ènìyàn kò lè ṣe, Ọlọ́run lè ṣe é. Ẹnu-bodè mi kò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún Ọlọ́run; orúnkún ràkúnmí ti tó. Mo gba ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ọkùnrin náà, mo sì gba oore-ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tí ó dúpẹ́. Èyí ni mo fi ń wí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la pé kí ẹ ṣọ́ra fún àlàyé tí ó bá tètè tù yín nínú ní alẹ́ Sátidé. Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ohun tí ó tuni nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bèríà, bí a ti kà nínú orí 17 Ìṣe, fi tọkàntọkàn gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bí bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí a bá yẹ Àpọ́sítélì wò, ìwé tí a rà ní ṣílè díẹ̀ tàbí náírà díẹ̀ kò ga jù fún un.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn èyí ni mo padà sí orí ẹsẹ náà. Mo sọ fún ìjọ pé mo ti fi ohun tí kò sí han wọ́n, mo sì sọ ẹni tí ó là mí lójú. Ìyá arúgbó náà tẹ orí ba, kò gbé e sókè títí ìsìn fi parí. Ọkùnrin olówó kòkó kò wá sí ilé Ọlọ́run fún oṣù márùn-ún. Páànù náà kò dé. Ewé ni a fi dí ihò òrùlé ní ọdún náà, a sì ń gbé àwọn ọmọ kíláàsì kejì lọ sí abẹ́ igi nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Nígbà tí ó padà wá, ìjókòó ẹ̀yìn ni ó lọ, ó sì kí mi bí ẹni tí kò sí nǹkan láàárín wa. Oko opó kò padà ní ọdún náà, kò sì padà ní èyí tí ó tẹ̀lé e. Ìgbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní ìjọ náà, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé tí mo ti rí ẹnu-bodè náà ṣì wà nínú àpótí mi. N kò sun ún, nítorí pé àlàyé rẹ̀ lórí ìwé Sáàmù dára púpọ̀, mo sì ń lò ó títí di òní. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ti Mátíù 19 mo fi pẹ́ńsùlù kọ ìbéèrè ìyá náà sílẹ̀ bí ó ti bi mí gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oníbodè tí ó fi kún un, kí ẹni tí yóò jogún ìwé náà lẹ́yìn mi lè bá a níbẹ̀.